Kànga Walwal: ibi tí Ogun Hitler ti ń rú èéfín kó tó di iná

Ẹ jẹ́ ká ti ibi kànga bẹ̀rẹ̀. Nínú aṣálẹ̀ Ogaden, lápá ibi tí Ethiopia àti ilẹ̀ Sòmálíà tó wà lábẹ́ Ítálì nígbà yẹn ti pààlà, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Walwal. Kànga ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn darandaran ló máa ń kó ràkúnmí wọn wá mumi níbẹ̀ látayébáyé, kò sí nǹkan míì tó lè gbé èèyàn débẹ̀ àfi omi yẹn. Àwọn Ítálì lọ kọ́ bárékè sọ́jà síbẹ̀, inú ilẹ̀ Ethiopia gan-an ló sì wà, kì í ṣe etí bọ́dà. Nígbà tó di December 5, 1934, ìbọn dún láàárín sọ́jà Ethiopia àti sọ́jà Ítálì, àwọn Ethiopia tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún, tàwọn Ítálì ò tó bẹ́ẹ̀, oníkálukú ní ẹnìkejì ló kọ́kọ́ yìnbọn. Ítálì tó jókòó sórí ilẹ̀ onílẹ̀ yìí náà ló tún ní kí wọ́n wá bẹ òun, kí wọ́n wá júbà àsíá òun, kí wọ́n sì sanwó ìtanràn.

Tí wọ́n bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa pé ìgbà wo ni Ogun Hitler bẹ̀rẹ̀, September 1939 la máa sọ, ìgbà tí Jámánì wọ Poland, òótọ́ sì ni, ọjọ́ tí òrùlé wó nìyẹn. Àmọ́ òrùlé kì í dédé wó, ikán ti ń jẹ òpó tipẹ́. Ọ̀rọ̀ Ethiopia yìí ni mo fẹ́ tú palẹ̀ lónìí, torí èmi gbà pé òun ló jẹ́ kéèyàn rí i kedere bí ìjọba apàṣẹwàá tó ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ ṣe ń fa gbogbo ayé wọ ogun. Wọ́n sì máa ń sọ pé àwọn alágbára ayé ìgbà yẹn ò ṣe nǹkan kan, mi ò fara mọ́ ọn. Wọ́n ṣe nǹkan. Ìlàjì ni wọ́n ṣe, ìlàjì yẹn ló sì ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Bí nǹkan ṣe wà nílẹ̀ nìyí. Ítálì ti bá Ethiopia jà rí. Ní March 1, 1896, nílùú Adwa, àwọn ọmọ ogun Ọba Menelik lu Ítálì bí ẹni lu bàrà, gbogbo Yúróòpù gbọ́, ìtìjú yẹn ò sì kúrò lára wọn fún ogójì ọdún. Benito Mussolini wá gorí àlééfà ní October 1922, ohun tó ń kọ lórin fáwọn èèyàn ẹ̀ ni pé òun á dá ògo Róòmù àtijọ́ padà. Ẹni tó bá ti fi irú ìlérí yẹn gba ìjọba, tó ti pa ẹnu gbogbo alátakò mọ́ nílé, ilẹ̀ ẹlòmíì ló kù tó lè fi han aráàlú pé òun ń ṣe nǹkan, pàápàá tí owó bá wọ́n tí iṣẹ́ ò sì sí. Kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ethiopia sì rèé, nínú gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú òun àti Liberia nìkan ló kù tí òyìnbó ò tíì mú sìn.

Àwọn Ethiopia náà ò sùn o. Wọ́n wọ League of Nations ní 1923, ìyẹn àjọ àgbáyé tó wà ṣáájú UN, ní 1928 wọ́n tún bá Ítálì fọwọ́ síwèé ọ̀rẹ́ ogún ọdún. Òfin League sọ ọ́ gbangba nínú abala kẹrìndínlógún pé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá gbógun lọ bá ẹnìkejì ẹ̀ tí ò tẹ̀lé òfin, gbogbo ẹgbẹ́ ló gbógun tì. Lórí ìwé, kí lèèyàn tún ń wá? Àmọ́ Jàpáàn ti dán òfin yẹn wò. Ní September 1931 wọ́n kó ogun wọ Manchuria ní Ṣáínà, League rán àwọn olùwádìí lọ, wọ́n kọ ìwé gbọọrọ, Jàpáàn bínú jáde nínú ẹgbẹ́ ní 1933, ilẹ̀ tó gbà ò sì kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Mussolini rí i, Hitler náà rí i.

Kí ló wá dé tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ò tètè pe Mussolini jókòó? Ẹ̀rù Hitler ni. Ní July 1934 àwọn ọmọ ẹ̀yìn Hitler pa olórí ìjọba Austria, Engelbert Dollfuss, nínú ọ́fíìsì ẹ̀ ní Vienna, Mussolini ló kó sọ́jà lọ sí bọ́dà Ítálì àti Austria lókè Brenner, Hitler sì fà sẹ́yìn. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń wo Mussolini bí ajá tí wọ́n máa fi lé ìkookò, ẹni tó bá sì nílò ajá, kò ní fẹ́ lù ú tó bá jí ẹran aládùúgbò jẹ. Ní January 1935 Pierre Laval tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Faransé lọ bá Mussolini ní Róòmù, wọ́n fọwọ́ síwèé, Mussolini sì kúrò nídìí ọ̀rọ̀ yẹn pẹ̀lú ọkàn pé Faransé ò ní di òun lọ́wọ́ ní Ethiopia. Laval padà sọ pé ohun tóun ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn yẹn, ní April, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Ítálì pàdé ní Stresa, ìlú kékeré kan létí adágún Maggiore, kí wọ́n lè fohùn ṣọ̀kan lórí Jámánì. Wọ́n kọ ìwé pé àwọn á ta ko ohunkóhun tó bá fẹ́ da àlàáfíà rú, Mussolini ní kí wọ́n fi "ti Yúróòpù" kún un, wọ́n sì fi kún un. Bẹ́ẹ̀ láti February ni ọkọ̀ òkun ti ń kó sọ́jà ẹ̀ gba Suez, ọ̀nà omi tó gba Íjíbítì kọjá, lọ sí Eritrea tó wà lábẹ́ Ítálì létí Ethiopia o. Kò sẹ́ni tó bi í lójú gbogbo wọn pé Áfíríkà ńkọ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré tí wọ́n fi kún ìwé yẹn, lójú tèmi ibẹ̀ gan-an lọ̀nà ti kọ́kọ́ yà, torí ẹni tó ń wá àyè ò nílò kẹ́ ẹ sọ pé "máa lọ", tẹ́ ẹ bá ti dákẹ́ ó ti tó o.

October 3, 1935, ọmọ ogun Ítálì sọdá odò Mareb láti Eritrea, wọn ò kéde ogun, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kẹta wọ́n ti gba Adwa. Ká sọ òótọ́, League ò sùn, October 7 wọ́n ti kéde pé Ítálì rú òfin, nǹkan bí àádọ́ta orílẹ̀-èdè ló sì gbà pé kí wọ́n fi sanction jẹ Ítálì níyà, ó bẹ̀rẹ̀ ní November 18. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láyé, kí àádọ́ta orílẹ̀-èdè jọ dìde sí arúfin kan. Mi ò fẹ́ ká fojú kéré ẹ̀. Àwọn èèyàn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn fẹ́ ẹ, lọ́dún yẹn náà ni èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlá dìbò ní ilé wọn láti sọ pé àwọn fẹ́ kí League dúró.

Àmọ́ ẹ wá ka lísìtì yẹn. Wọ́n ní ẹ má tà á níbọn, ẹ má yá a lówó, ẹ má ra ọjà ẹ̀. Wọ́n ní ẹ má ta rọ́bà fún un, ẹ má ta tánganran, ẹ má ta ràkúnmí, ẹ má ta ìbaaka. Wọ́n tún ní ẹ má ta alumíníọ̀mù fún un, bẹ́ẹ̀ alumíníọ̀mù wà lára ìwọ̀nba irin tí Ítálì fúnra ẹ̀ ń ṣe tó sì ń ṣẹ́ kù. Epo bẹntiróòlù ò sí lórí lísìtì. Èédú ò sí níbẹ̀, irin ọ̀pá ò sí níbẹ̀. Ogun tí wọ́n fi lọ́rí àti bàálù jà, lórí òkè Ethiopia tí ò ní ọ̀nà, epo ni ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, Ítálì ò sì ní epo tirẹ̀ tó tó nǹkan. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ìdí tí wọ́n fi yọ epo kúrò pọ̀. Wọ́n ní Amẹ́ríkà ò sí nínú League, tí àwọn ò bá tà Amẹ́ríkà á tà. Faransé ò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ tuntun bà jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ń ro ti ọkọ̀ ojú ogun ẹ̀ nínú òkun Mẹditaréníà, torí Mussolini ti jẹ́ kó ta sí wọn létí pé epo lóun máa kà sí ogun. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ògbufọ̀ Hitler, Paul Schmidt, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun wà níbẹ̀ ní Munich nígbà tí Mussolini sọ fún Hitler pé ká ní wọ́n fi epo kún un ni, ọ̀sẹ̀ kan péré òun ì bá ti jáde ní Ethiopia. Ìhàlẹ̀ yẹn ò ní ẹsẹ̀ tó fi dúró.

Suez náà ńkọ́? Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀nà omi yẹn wà, sọ́jà wọn ló ń ṣọ́ ọ. Ìwé àdéhùn 1888 ló sọ pé ó gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọkọ̀ nígbà ogun nígbà àlàáfíà, ìyẹn ni wọ́n sì dì mú. Gbogbo sọ́jà Ítálì tó ń lọ, gbogbo ìbọn, gbogbo bọ́m̀bù, ibẹ̀ ló gbà, wọ́n ń san owó oníbodè, wọ́n ń kọjá. Wọ́n pa àdéhùn kan mọ́ kí wọ́n lè ráyè rú èkejì.

Ibi tó wá dùn mí jù ni December. Samuel Hoare tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó dúró ní Geneva níbi tí League ti ń jókòó ní September tó ń fọhùn akin pé Gẹ̀ẹ́sì á dúró ti òfin League gbágbáágbá, òun àti Laval jókòó ní Paris, wọ́n gé Ethiopia bí ẹran, apá tó pọ̀ fún Ítálì, wọ́n ní káwọn Ethiopia wá gba ọ̀nà tóóró kan tó já sí òkun. Wọn ò pe onílẹ̀. Ìwé ìròyìn Faransé gbọ́ ọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, aráàlú London bínú débi pé Hoare kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní December 18, Laval náà lọ ní January. Ìwé yẹn kú lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ epo tí wọ́n fẹ́ pinnu lóṣù yẹn kan náà kú mọ́ ọn, wọ́n ń sún un síwájú títí ogun fi parí. Mussolini ti wá rí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó ti mọ̀ pé ẹnu lásán ló wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni gáàsì bẹ̀rẹ̀. Ní December 23, lẹ́bàá odò Takazze, Ras Imru, ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun Ethiopia, ròyìn pé bàálù dé, àmọ́ kì í ṣe bọ́m̀bù táwọn mọ̀ ni wọ́n jù, àgbá ni, bó ṣe kanlẹ̀ ló fọ́, omi kan tí ò láwọ̀ tú jáde, àwọn tó ta sí lára bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọwọ́ wọn, ẹsẹ̀ wọn, ojú wọn ń bó bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná lé, àwọn tó sáré lọ mumi lódò ṣubú síbẹ̀ wọn ò dìde mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun yẹn ò wọ bàtà. Nígbà tó yá wọ́n wá fi ẹ̀rọ sí bàálù tó ń fọ́n ọn bí ìrì, ó ń bà sórí oko, sórí ẹran, sínú omi mímu. Ítálì ti fọwọ́ síwèé ní 1925 pé àwọn ò ní lo gáàsì olóró láé.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti Áfíríkà, ẹ bá mi fara balẹ̀. March 7, 1936, Hitler kó sọ́jà wọ Rhineland, apá ilẹ̀ Jámánì tí ìwé àdéhùn sọ pé sọ́jà ò gbọ́dọ̀ wọ̀. Sọ́jà ọ̀hún ò pọ̀, àwọn tó sọdá odò Rhine lọ síwájú ò ju bàtálíọ̀nù mẹ́ta lọ, wọ́n sì ti pàṣẹ fún wọn pé tí Faransé bá dìde kí wọ́n padà. Àwọn wo ló ṣe onídùúró fún àdéhùn yẹn ní Locarno lọ́dún 1925? Gẹ̀ẹ́sì àti Ítálì. Ítálì tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń fi sanction jẹ níyà lọ́wọ́ ni wọ́n tún ń retí pé kó bá wọn kọjú sí Hitler! Ọkọ̀ ojú ogun Gẹ̀ẹ́sì wà ní Mẹditaréníà tó ń ṣọ́ Ítálì, Faransé ní òun ò lè dá a ṣe, kò sẹ́ni tó dìde. Hitler ka ọjọ́ yẹn dáadáa kó tó jáde. Ìjọba apàṣẹwàá méjì tí wọn ò tíì di ọ̀rẹ́ rárá, ọ̀kan ń ṣí ilẹ̀kùn fún èkejì láìjẹ́ pé wọ́n jọ pè é ní ìpàdé.

Ethiopia ò pẹ́ sí i. March 31 wọ́n jà kẹ́yìn ní Maychew, May 5 Addis Ababa bọ́ sọ́wọ́ Ítálì. June 30, Ọba Haile Selassie fúnra wọn dúró níwájú League ní Geneva, èèyàn kúkurú, agbádá dúdú ló wà lọ́rùn wọn, àwọn akọ̀ròyìn Ítálì tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé sí wọn, ọlọ́pàá ló kó àwọn akọ̀ròyìn yẹn jáde. Ọba dúró jẹ́ẹ́ títí ariwo fi rọlẹ̀, wọ́n sì fi èdè Amharic sọ tiwọn, wọ́n sọ bí gáàsì ṣe ń bọ̀ látòkè, wọ́n bi wọ́n pé èsì wo lóun máa mú padà fáwọn èèyàn òun. Èsì tí wọ́n fún wọn ni pé wọ́n dá sanction dúró lóṣù July. Ethiopia tún tọrọ ẹ̀yáwó, nígbà tí wọ́n dìbò lé e, Ethiopia nìkan ló dìbò pé kí wọ́n yá a.

Kò tán síbẹ̀. July 1 lọ́dún yẹn, orílẹ̀-èdè kéékèèké méje, Sweden, Norway, Denmark, Finland, Netherlands, Spain àti Switzerland, kéde pé abala kẹrìndínlógún yẹn ò de àwọn pátápátá mọ́. Ṣé wọ́n jẹ̀bi? Wọ́n ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sẹ́ni tó gbára lé e. Mussolini tí inú ń bí nítorí sanction tí ò tiẹ̀ dùn ún dénú lọ bá Hitler, October 1936 wọ́n ṣàdéhùn, November ó ti ń pè é ní òpó tí Yúróòpù á máa yí lé lórí. Ẹ rántí Brenner? March 1938 Hitler wọ Austria, lọ́tẹ̀ yìí Mussolini ò kó ẹyọ sọ́jà kan lọ síbẹ̀, Hitler fi tẹlifóònù ránṣẹ́ sí i pé òun ò ní gbàgbé oore yìí láé. Ajá tí wọ́n torí ẹ̀ fi Ethiopia ṣòfò ti bá ìkookò lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń sáré tete, Munich ní September 1938 níbi tí wọ́n ti gé Czechoslovakia lójú tí onílẹ̀ ò sí nínú yàrá, Hitler wọ Prague, olú ìlú Czechoslovakia, ní March 1939, Ítálì gba Albania ní April, Poland ní September. Ìwà kan náà ni Paris 1935 àti Munich 1938, èyí tí wọ́n ṣe fáwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n padà ṣe fáwọn aláwọ̀ funfun ẹgbẹ́ wọn.

Àwọn èèyàn wa rí i lásìkò. Ní London, WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ladipo Solanke ọmọ Abẹ́òkúta wà nídìí ẹ̀, gbé ohùn sókè fún Ethiopia, ní Èkó náà wọ́n ṣe mítìn lórí ẹ̀, ìwé ìròyìn kọ ọ́. Wọn ò ní ìbò ní Geneva, wọn ò ní ọkọ̀ òkun, àmọ́ ojú wọn là ju tàwọn tó ní i lọ. Nígbà tí Ítálì wá wọ ogun ní June 1940, àwọn bàbá wa ni wọ́n kó lọ. Brigedi Nàìjíríà, àwọn ará Òkè Ọya ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ Mogadishu ní February 25, 1941, ó dín ní oṣù kan wọ́n ti gba inú Ogaden yẹn kan náà kọjá dé Jijiga, wọ́n ja ogun òkè Marda, wọ́n wọ Harar ní March 26. Àwọn míì látibí tún lọ sí Bọ́mà lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tí wọ́n ì bá fi epo bẹntiróòlù parí ní 1935, ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi san án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí irú ọ̀rọ̀ yìí, yálà ẹ jẹ́ akọ̀ròyìn ni o, tàbí ẹ wà níbi tí wọ́n ti ń jókòó pinnu lórí sanction ní Abuja tàbí Addis Ababa, ohun tí mo ń kọ́kọ́ wá báyìí nínú lísìtì kankan ni nǹkan tí wọ́n yọ. Ẹ má ka ohun tó wà níbẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó bèèrè pé kí lẹni yìí ò lè ṣe ogun ẹ̀ láìní, ṣé ó wà níbẹ̀? Tí kò bá sí, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n yọ ọ́ àti ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, ìtàn gidi wà níbẹ̀. Ẹ sì máa ṣọ́ra tí wọ́n bá ti ń sọ fún yín pé ká rọra ṣe sí olè kan torí olè kejì, ẹ béèrè iye tó máa ná wọn àti lọ́wọ́ ta ni owó yẹn á ti jáde.

Ẹ̀yin tíṣà ńkọ́, ìṣòro wa ni pé orí ọ̀tọ̀ ni Ethiopia wà nínú ìwé, orí ọ̀tọ̀ ni Rhineland, nígbà táwọn ọmọ bá fi dé Poland wọ́n ti gbàgbé. Ẹ fa ìlà kan ṣoṣo sórí bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ kọ déètì gbogbo ẹ̀ tẹ̀ léra láìfi ti Áfíríkà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ gbé máàpù síwájú wọn, kí ọmọ kan fi ìka tọ́ka sí Walwal kọ́kọ́, kí ìka yẹn lọ sí Suez, kó lọ sí Stresa, Geneva, Rhine, Brenner, Munich, kó tó dé Poland, kó sì padà wá sí Mogadishu àti Harar pẹ̀lú àwọn ará wa. Ọba Haile Selassie padà wọ Addis Ababa ní May 5, 1941, ọdún márùn-ún géérégé sí ọjọ́ tí Ítálì gbà á, ẹ má gbàgbé láti kọ ìyẹn náà síbẹ̀.